Ewé tíì Mambilla kún ilé wa, kí la tún lè fi ṣe yàtọ̀ sí mímu?

Kọ́pà Gembu:

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ yín.

Ìpínlẹ̀ Taraba ni mo ti ṣe àgùnbánirọ̀, orí òkè Mambilla gan-an ni wọ́n gbé mi lọ, lápá Gembu, níbi tí òtútù ti máa ń mú èèyàn láàárọ̀ bíi pé a ò sí ní Nàìjíríà mọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ pé tíì ń hù lórílẹ̀-èdè yìí, àmọ́ kẹ́ ẹ dé Kakara kẹ́ ẹ rí oko tíì, ó lọ salalu láti orí òkè kan dé òmíì, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Nígbà tí mo ń bọ̀ wálé mo ra ewé tíì gbígbẹ wá, ó tó kílò 3, kì í ṣe èyí tí wọ́n dì sínú báàgì kékeré olókùn tí gbogbo wa ń pè ní Lipton o, ewé lásán ni, wọ́n kàn dà á sínú ọ̀rá fún mi. Mo rò pé màá máa mu ún, màá sì máa bù ún fáwọn èèyàn mi.

Ibi tọ́rọ̀ ti wọ́ ni pé nílé tiwa, tẹ́ ẹ bá ní ẹ fẹ́ mu tíì, Milo tàbí Bournvita ni wọ́n máa gbé wá. Màmá mi tọ́ tèmi wò lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n ní ó korò, ó sì ń gbẹ àwọn lẹ́nu bí ẹni jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ò pọ́n. Bó ṣe wà nílẹ̀ nìyẹn, ọdún kan ààbọ̀ rèé, òórùn rẹ̀ ti lọ, tí mo bá sè é báyìí àwọ̀ nìkan ló ń yọ, kò dùn mọ́. Ó ṣì kù tó kílò 2.

Mi ò lè dà á nù, mo rí bí wọ́n ṣe ń já ewé yẹn nínú òtútù, ọkàn mi ò gbà á. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n gbé e sínú fíríìjì fún òórùn, ẹlòmíì ní kí n dà á sídìí òdòdó, lórí íntánẹ́ẹ̀tì sì rèé, kò sóhun tí wọn ò sọ pé tíì ń ṣe tán. Èwo ló ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́ nínú gbogbo ẹ̀? Ẹni tó ti ṣe é rí ni kó dá mi lóhùn, ẹ jọ̀ọ́. Màmá mi fẹ́ gba ike tó wà nínú ẹ̀ kí wọ́n fi kó gàrí sí.

Ìyá Ìbejì Bódìjà:

Ọmọ mi, kú ìnáwó. Ti fíríìjì yẹn, òótọ́ ni, èmi fúnra mi ń ṣe é. Ìrù ni wàhálà tèmi. Mo máa ń ra ìrù wooro púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí bí mo ṣe fẹ́ dì í tó, tó bá di ọjọ́ kẹta, omi tútù inú fíríìjì á máa rùn ìrù, àwọn ọmọ á ní àwọn ò mu. Mo wá bu ewé tíì gbígbẹ sínú ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé tí èkejì rẹ̀ ti sọnù, mo so ó lẹ́nu, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ ìrù yẹn. Kò gbé òórùn náà lọ pátápátá o, mi ò ní tàn ẹ́, àmọ́ ó dín in kù débi pé wọ́n ń mumi wọn. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mo máa ń pààrọ̀ ẹ̀.

Ìdí ẹ̀ ni pé ewé tíì gbígbẹ máa ń fa òórùn ohunkóhun tó bá wà nítòsí ẹ̀ mọ́ra. Nǹkan táwọn ará Ṣáínà mọ̀ nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe tíì olóòórùn dídùn, òdòdó jasmine ni wọ́n máa ń kó mọ́ ewé tíì ní òru, tó bá dàárọ̀ ewé ti gba òórùn òdòdó náà tán. Tó bá lè gba ti òdòdó, á gba ti ìrù náà. Torí ẹ̀ èyí tó o bá ti fi sí fíríìjì, má ṣe dá a padà sínú ìkòkò pé o fẹ́ mu ún o!

Inú bàtà náà ńkọ́. Ọkọ mi máa ń wọ bàtà aláwọ lọ síbi iṣẹ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, nígbà òjò ẹ ò ní lè dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ méjì, ewé tíì nínú ẹ̀, ti ọ̀kọ̀ọ̀kan bọnú bàtà di ọjọ́ kejì. Kí ewé náà ṣáà gbẹ dáadáa ni, tó bá rin, á bu, òórùn tuntun lo tún fi kún un yẹn.

Aláró Ẹ̀gbá:

Ẹ kú ilé o. Àǹtí kọ́pà, ẹ má dà á nù rárá, ẹ má sì jẹ́ kí fíríìjì jẹ ẹ́ tán. Aṣọ la máa fi rẹ.

Abẹ́òkúta ni mo wà, iṣẹ́ àdìrẹ ni iṣẹ́ ilé wa, ìyá mi ṣe é, ìyá ìyá mi ṣe é. Aró ẹ̀lú la mọ̀ jù, àmọ́ ó ti tó ọdún 6 tí mo ti ń fi tíì ṣe àwọ̀ fún àwọn oníbàárà tí ò fẹ́ àwọ̀ tó ń pariwo. Nǹkan tí màmá yín sọ pé ó ń gbẹ àwọn lẹ́nu yẹn, òun gan-an ni ọjà tá à ń wá. Tannin ni orúkọ ẹ̀ lédè òyìnbó. Òun náà ló wà nínú obì tó ń jẹ́ kí eyín àgbà pọ́n, ó wà nínú ewé gúáfà, ó wà nínú èso bagaruwa táwọn ará Kano fi ń ṣe awọ. Òórùn tíì lè lọ, adùn ẹ̀ lè lọ, tannin ò lọ síbì kankan. Tíì yín tí ò ṣeé mu mọ́, ó ṣeé rẹ aṣọ bí ọjọ́ tẹ́ ẹ rà á.

Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Aṣọ gbọ́dọ̀ jẹ́ òwú, kọ́tìnnì gidi, tàbí ọ̀gbọ̀, tàbí sílíkì tó jẹ́ sílíkì lóòótọ́. Polyester ò ní gbà á, ẹ má wulẹ̀ dán an wò. Ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ àti omi gbígbóná, torí aṣọ tuntun ní sítáàṣì lára, sítáàṣì yẹn kì í jẹ́ kó mu dọ́gba. Fún aṣọ yáàdì 2, mo máa ń bu ewé tíì ife 2 tó kún dáadáa sínú omi lítà 5, màá sè é fún bí ìṣẹ́jú 30, màá wá sẹ́ ẹ, màá sẹ́ ẹ dáadáa, torí ewé tó bá lẹ̀ mọ́ aṣọ, ojú ibẹ̀ máa dúdú tòtò. Ẹ rẹ aṣọ sínú omi lásán kẹ́ ẹ fún un kó tó wọnú tíì, aṣọ gbígbẹ kì í mu ún dọ́gba láé. Ẹ wá fi sínú ẹ̀ nígbà tó ṣì gbóná, kẹ́ ẹ máa rò ó, ó kéré tán wákàtí kan, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó dúdú díẹ̀ si ẹ jẹ́ kó sùn síbẹ̀. Àwọ̀ tó máa ń jáde máa ń dà bíi kọfí tí wọ́n ti da mílíìkì sí. Tó bá jáde nínú tíì, á dà bíi pé ó ti dúdú jù, ẹ má fòyà, ó máa ń ṣí tó bá gbẹ.

Álọ́ọ̀mù, èyí táwọn èèyàn fi ń mú omi tòrò yẹn náà ni, ẹ lè bù ú sí i ṣíún, á jẹ́ kí àwọ̀ náà mọ́, kó sì di aṣọ mú. Àmọ́ ohun tó máa ń yà àwọn oníbàárà mi lẹ́nu jù ni irin. Ẹ mú ìṣó méjì mẹ́ta tó ti dípẹtà, ẹ jù ú sínú ife tíì tó ki, ẹ fi sílẹ̀ di ọ̀la. Ẹ máa bá a tó dúdú bíi tàdáwà. Tàdáwà gan-an ló sì dà, torí tàdáwà táwọn òyìnbó Yúróòpù fi kọ̀wé fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, tannin àti irin náà ni wọ́n fi ń ṣe é. Tí mo bá ti rẹ aṣọ sí tíì tán, tí mo tún wá tì í bọ omi tí irin ti rà sí fún ìṣẹ́jú díẹ̀, àwọ̀ kọfí yẹn á yí padà lójú mi, á di àwọ̀ eérú, á tún dúdú si. Ẹ má jẹ́ kí irin yẹn pọ̀ jù o. Irin máa ń jẹ òwú, aṣọ tí wọ́n fún ní irin àpọ̀jù, bó pẹ́ bó yá á máa ya pẹ́ńpẹ́ńpẹ́.

Ẹ dá a fọ̀ lọ́tọ̀ lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ sì sá a síbi òjìji.

Káfíńtà Ọ̀yọ́:

Ẹ̀gbọ́n Aláró, ẹ ti la ọ̀nà sílẹ̀ fún mi. Ohun tẹ́ ẹ ń ṣe lára aṣọ, èmi ń ṣe é lára igi.

Àwọn oníbàárà ń fẹ́ àga dúdú, tábìlì dúdú, wọ́n rí i lórí fóònù. Ẹ lè kùn ún ní péǹtì dúdú lóòótọ́, àmọ́ péǹtì á bo ojú igi mọ́lẹ̀, ẹ ò ní rí ìlà ara igi mọ́, ó sì máa ń ṣí bó bá kàn nǹkan. Ọgbọ́n tí mò ń lò, màá ra fínígà funfun, màá já kànìnkànìn onírin tí wọ́n fi ń fọ ìkòkò sínú ẹ̀ nínú ìgò, màá fi sílẹ̀ fún bí ọjọ́ 5 títí irin náà á fi rà. Ẹ fi aṣọ bo ẹnu ìgò yẹn o, ẹ má ṣe dé e pa! Afẹ́fẹ́ hydrogen ló ń tibẹ̀ jáde, bẹ́ ẹ bá dé e pa ó lè bú gbàmù, bẹ́ẹ̀ ni ẹ má gbé e súnmọ́ iná.

Igi bíi ìrókò ní tannin tiẹ̀ lára, tẹ́ ẹ bá fi omi irin yẹn pa á, á dúdú fúnra ẹ̀. Àmọ́ arère, igi funfun tó fúyẹ́ tó sì pọ̀ lọ́jà yìí, kò ní tó bẹ́ẹ̀ lára, tẹ́ ẹ bá fi omi irin pa á, á kàn rí wúruwùru bí igi tí òjò ti pa. Ibẹ̀ ni tíì ti wọlé. Ẹ se tíì kó ki gan-an, kó dà bí àgbo, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì pa igi náà lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti fi sàǹpépà ha á, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ tún pa á lẹ́ẹ̀kejì. Tó bá gbẹ, ẹ wá fi omi irin yẹn pa á. Kò ní ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, ẹ ó máa wò ó ni, á máa dúdú bọ̀ látinú wá. Kì í ṣe pé ó bo ojú igi, ara igi gan-an ló yí padà. Ìlà ẹ̀ á ṣì hàn kedere. Lẹ́yìn náà ẹ fi òróró tàbí fáníìṣì pa á.

Ẹ dán an wò lára ègé kékeré ná. Igi kan ò jọ kan, pàápàá arère ọjà tó jẹ́ pé ibi mẹ́ta ni wọ́n ti gé e wá.

Èyí tí wọ́n ń sọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kẹ́ ẹ máa fi omi tíì nu àga kó lè máa dán, ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò fara mọ́ ọn. Tó bá ní fáníìṣì lára, omi lásán àti aṣọ mímọ́ tó o. Tí kò bá ní, ẹ̀ ń fi àbàwọ́n sí i lára nìyẹn.

Ohun tó kù ni àdá àti ọkọ́. Irin tó dípẹtà, tẹ́ ẹ bá fi búrọ́ọ̀ṣì onírin gbo èyí tó ń hó lára ẹ̀ kúrò, tẹ́ ẹ wá rẹ ẹ́ sínú tíì tó ki di ọjọ́ kejì, ìpẹtà pupa tó kù máa yí di dúdú, á lẹ̀ pẹ́kípẹ́kí mọ́ ara irin, kò ní tètè tún dípẹtà. Àmọ́ ẹ nu òróró sí i lẹ́yìn ìyẹn, torí tíì nìkan ò lè dá dúró fún òjò tiwa.

Àbíkẹ́ London:

Ẹ kú iṣẹ́ o gbogbo yín. Mo ti ka èyí lẹ́ẹ̀mejì. Ìlú tí mo wà yìí, tíì ni wọ́n fi ń kí èèyàn, inú ilé ni mo ti kọ́ nǹkan tí mo fẹ́ sọ.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, mo bá màmá òyìnbó kan ṣiṣẹ́, mò ń tọ́jú wọn nílé, wọ́n ti lé ní 90 ọdún. Ewé ni wọ́n ń lò, wọn kì í lo báàgì. Ọjọ́ kan mo fẹ́ gbá ilẹ̀ yàrá wọn tó ní rọ́ọ̀gì àtijọ́ kan, wọ́n ní kí n dúró, kí n lọ bu ewé tíì àárọ̀ yẹn wá, kí n fún omi ara ẹ̀ dànù títí á fi kù ọ̀rinrin lásán, kí n fọ́n ọn sórí rọ́ọ̀gì kí n tó gbá a. Mo ṣe é. Gbogbo eruku tó yẹ kó máa fò sókè ló lẹ̀ mọ́ ewé yẹn, mo gbá a pọ̀ mo kó o dànù, kò sí ẹni tó sín. Wọ́n ní bí ìyá àwọn ṣe ń ṣe nìyẹn. Mo wá rí i lẹ́yìn náà pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́ kí ẹ̀rọ tó ń fa eruku tó dé, ohun táwọn ọmọ ọ̀dọ̀ inú ilé ńlá ń ṣe nìyẹn, wọ́n máa ń kó ewé tíì jọ fún un ni. Àwọn ará Japan náà ń ṣe é lórí ẹní tatami wọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, mo ń ronú kan ọyẹ́. Eruku ọyẹ́ yẹn, bẹ́ ẹ ṣe ń gbálẹ̀ ló ń padà sílẹ̀. Ewé tíì ọ̀rinrin lórí sìmẹ́ńtì tàbí táìsì, ẹ máa rí i. Tó bá jẹ́ rọ́ọ̀gì funfun tàbí aláwọ̀ mímọ́, ẹ má dán an wò láé, gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n Aláró sọ ló máa ṣẹlẹ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ ìdí òdòdó wá. Mo gbin ata rodo sínú ìkòkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo fẹ́ràn ẹ̀ bí ọmọ. Mo gbọ́ pé ewé tíì jẹ́ ajílẹ̀, ni mo bá ń da ewé tí mo bá ti mu síbẹ̀ lójoojúmọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ojú ìkòkò ti bu, ó funfun bí òwú, kantíkantí ti gba ilé, omi tí mo bá bù sí i ò wọlẹ̀ mọ́ torí ewé yẹn ti dì pọ̀ bí àkàrà. Ata mi kú. Ó dùn mí gan-an.

Kì í ṣe pé irọ́ ni wọ́n pa o. Nínú 100 gíráàmù ewé tíì gbígbẹ, nǹkan bíi 4 gíráàmù ni nitrogen, oúnjẹ ewéko gidi ni. Bí mo ṣe lò ó ló burú. Báyìí mo máa ń kó o sínú ike ńlá níta, màá ya páálí wẹ́wẹ́ mọ́ ọn, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, èèpo iṣu, màá jẹ́ kó jẹrà pọ̀ fún oṣù mélòó kan. Ekòló fẹ́ràn ẹ̀. Èyí tó bá jáde níbẹ̀ ni mò ń pò mọ́ iyẹ̀pẹ̀. Ẹ rántí pé tíì tẹ́ ẹ bá ti da mílíìkì àti ṣúgà sí, kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, èèrà àti eku lẹ̀ ń pè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń lo báàgì, ẹ tú u kẹ́ ẹ da ewé inú ẹ̀ nìkan, torí ọ̀pọ̀ báàgì yẹn ní ike lára, kì í jẹrà.

Kọ́pà Gembu:

Ẹ ṣé gan-an, ẹ ò mọ bí inú mi ṣe dùn tó. Àǹtí Àbíkẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ti ata yẹn.

Ìbéèrè kan ṣì wà. Lándílọ́ọ̀dù wa ní ajá méjì, wọn kì í so wọ́n, gbogbo ohun tó bá wà nílẹ̀ ni wọ́n ń jẹ, màmá mi náà sì ní adìẹ. Ṣé tí mo bá da ewé tíì síta, kò ní ṣe wọ́n ní nǹkan kan?

Ọlọ́sìn Ìṣẹ́yìn:

Á ṣe wọ́n o, àbúrò. Ó dáa tó o bèèrè. Caffeine tó wà nínú tíì, èèyàn lè mu ún kó sì máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ, ara ajá ò lè gbé e bẹ́ẹ̀. Ajá tó bá jẹ ewé tíì púpọ̀ á máa bì, àyà ẹ̀ á máa lù kìkì, á máa gbọ̀n, ó sì lè kú. Ewé gbígbẹ tí wọn ò tíì sè ló burú jù torí gbogbo caffeine ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, èyí tó o ti sè dín díẹ̀, kò sì tán. Adìẹ náà, má fún un.

Torí náà èyí tó o bá fi gbálẹ̀, inú garawa ìdọ̀tí tó ní ìdérí ni kó o dà á sí. Èyí tó bá jẹ́ ajílẹ̀, rì í mọ́lẹ̀ tàbí kó o fi sínú ohun tó ṣeé dé. Tí ajá bá ti jẹ ẹ́ kó o tó mọ̀, má dúró wo àwọ̀ ẹ̀, gbé e lọ bá dókítà ẹranko.

Ìyá Alásè:

Gbogbo yín ń sọ aṣọ àti igi, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ oúnjẹ.

Àwọn ará Myanmar ń jẹ ewé tíì gan-an, wọ́n máa ń rẹ ẹ́ kó kan, bíi ká rẹ ẹ̀gẹ́ fún fùfú, wọ́n á wá pò ó mọ́ ẹ̀pà àti ata àti òróró, wọ́n ń pè é ní lahpet. Ti wọn yẹn, ewé tútù ni wọ́n fi ń ṣe é, kò ní ṣeé fi tìrẹ ṣe. Èyí tí mo ti ṣe rí ni ẹyin ti ilẹ̀ Ṣáínà. Se ẹyin kó jinná, fi ẹ̀yìn ṣíbí kàn án kí èèpo ẹ̀ sán káàkiri, má bó o, wá dá a padà sórí iná kékeré pẹ̀lú ewé tíì, iyọ̀, soy sauce, kànáfùrù díẹ̀. Jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀, tó bá tutù, fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì nínú fíríìjì. Tó o bá bó o, ara ẹ̀ á rí bí aṣọ àdìrẹ, gbogbo ibi tó sán ni tíì ti wọ̀. Àwọn ọmọ mi ò jẹ ẹyin míì mọ́ lọ́jọ́ ìbí.

Mo tún máa ń fi ewé tíì fín adìẹ. Ìkòkò àtijọ́, fi fóìlì tẹ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀, ìrẹsì tútù ẹ̀kúnwọ́ kan, ṣúgà ṣíbí 2, ewé tíì ẹ̀kúnwọ́ kan, gbé àsẹ́ onírin lé e, adìẹ tó ti jinná lórí ẹ̀, dé e, iná. Èéfín ẹ̀ dùn, kò jọ ti igi. Ìta ni kó o ti ṣe é. Àmọ́ tí tíì tìrẹ yìí bá ti pẹ́ báyẹn, yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, tó bá ti bu, má fi sí oúnjẹ kankan.

Tíṣà Àkúrẹ́:

Ẹ fi tèmi kún un, kò gùn. Ìtàn ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Tá a bá fẹ́ ṣe eré nípa ayé àtijọ́, mo máa ń rẹ ìwé funfun A4 sínú tíì tó ti tutù, ìṣẹ́jú 5 tó, màá sá a sórí ọ̀rá nínú oòrùn. Tó bá gbẹ, ó máa ń jọ ìwé tó ti pẹ́ nínú àpótí àgbà. Tí wọ́n bá wá kọ lẹ́tà sórí ẹ̀, pé ọba kan kọ ọ́ sí òmíì, ọwọ́ tí wọ́n máa fi dì í mú á yàtọ̀, wọn kì í rún un. Ọmọkùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì dìde ka tiẹ̀ bí ẹni tó wà láàfin.

Tí ewé bá lẹ̀ mọ́ ìwé náà, ẹ fi sílẹ̀. Àbàwọ́n yẹn ló ń mú un dùn wò.

Kọ́pà Gembu:

Mo ti padà dé. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì báyìí, mo ní kí n má dákẹ́.

Ti fíríìjì, ó ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, pańla la fi dán an wò, kì í ṣe ìrù. Bàtà náà dáa. Àdá bàbá mi, mo rẹ ẹ́ láti alẹ́ dàárọ̀, omi yẹn dúdú débi pé ẹ̀rù bà mí, mo fà á yọ, ìpẹtà tó wà lára ẹ̀ ti di dúdú, mo fi òróró nù ún, bàbá bèèrè pé ta ló ra àdá tuntun. Inú wọn dùn lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ní àwọn ti rà á kí wọ́n tó bí mi.

Aṣọ ni ò lọ bí mo ṣe fẹ́. Mo mú bùbá funfun kan tó ti ń pọ́n lọ́rùn, kọ́tìnnì ni, mo fọ̀ ọ́ o, mo sẹ́ tíì o, àmọ́ mo ti gbàgbé láti kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi, gbígbẹ ni mo jù ú sínú ẹ̀. Apá kan dúdú, apá kan mọ́, ẹ̀yìn ẹ̀ ní ìlà bíi máàpù. Ẹ̀gbọ́n Aláró, ṣé ó ṣì ní àtúnṣe? Bùbá màmá mi ni, èyí tí wọ́n wọ̀ nígbà tí wọ́n sọ mí lórúkọ.

Aláró Ẹ̀gbá:

Ó ní àtúnṣe, ẹ má banú jẹ́. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi di ìdajì ọjọ́ kó rin wọnú. Ẹ wá se tíì míì, kó ki ju ti àkọ́kọ́ lọ, kí ìkòkò sì tóbi kí aṣọ lè máa yí nínú ẹ̀, kó má há. Ẹ tì í bọ̀ ọ́ ní tútù, ẹ máa rò ó fún wákàtí kan gbáko, ẹ má lọ síbì kankan. Ibi tó mọ́ á máa bá ibi tó dúdú. Tí ìlà ẹ̀yìn yẹn bá ṣì hàn lẹ́yìn èyí, ẹ má fi kún un mọ́, ẹ gbé e wá sọ́dọ̀ mi ní Abẹ́òkúta, a ó fi okùn di ẹ̀yìn ẹ̀ ní oníko, ká wá rì í sínú omi irin lẹ́ẹ̀kan, ìlà tẹ́ ẹ rí yẹn á wọnú iṣẹ́ ọnà. Mi ò ní gba owó lọ́wọ́ yín. Aṣọ ìsọmọlórúkọ ni.

Kọ́pà Gembu:

Ẹ ṣé, ẹ ṣé, ẹ ṣé. Mo ti rẹ ẹ́ sómi báyìí. Màmá mi ti gbé ike gàrí wọn lọ síbòmíì, wọ́n ní kí n má bu tíì yẹn fún ẹnikẹ́ni mọ́, àwọn ní aṣọ àwọ̀sùn méjì tí àwọn fẹ́ kó dà bí ti kọfí onímílíìkì.